Bẹ́líìtì dúdú nìkan kò tó: Ohun tó yẹ kí òbí béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ karate, judo àti taekwondo àdúgbò

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ karate, judo tàbí taekwondo tó wà ládùúgbò. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ bí a ṣe ń gbèjà ara ẹni, kó sì ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Tí wọ́n bá ti rí i pé olùkọ́ so bẹ́líìtì dúdú mọ́ ìdí, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sanwó.

Bẹ́ẹ̀, tí a bá fẹ́ mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ni ọ̀gá rẹ̀, níbo ló ti gba fúrídọ̀ọ̀mù? Ìbéèrè kan náà ló yẹ níbí. Ẹni tó bá ní òun yóò fún wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Kí ni bẹ́líìtì dúdú ń sọ?

Jigoro Kano, ọmọ Japan, ló dá judo sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipò tí wọ́n ń pè ní "dan" wọn ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, karate àti taekwondo náà gbà á lò.

Dan kìn-ín-ní kò sọ èèyàn di ọ̀gá o. "Shodan" ni wọ́n ń pè é lédè Japan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ipele ìbẹ̀rẹ̀. Ní taekwondo, Kukkiwon tó wà ní Seoul, South Korea, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí dan. Ẹni tó gba ìkìn-ín-ní gbọ́dọ̀ dúró ọdún kan kó tó gba ìkejì, ọdún méjì kó tó gba ìkẹta, àti ọdún mẹ́ta kó tó gba ìkẹrin. Ìyẹn jẹ́ ọdún 6, ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ní Japan tí judo ti wá gan-an, ó ju 100 ọmọ ilé ìwé lọ tó kú nídìí judo láàrin 1983 sí 2011. Orí tó fara gbá ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, púpọ̀ sì jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí àwọn òbí pariwo, àjọ judo ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé àṣẹ fún àwọn olùkọ́ lọ́dún 2013.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, mímọ ìjà jà yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé.

Ìbéèrè márùn-ún fún olùkọ́

1. Ta ló kọ́ yín, ọdún mélòó sì ni ẹ fi kọ́ ọ? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lóòótọ́ á dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ láì fi falẹ̀.

2. Àjọ wo ló fún yín ní dan? Ìwé ẹ̀rí Kukkiwon ní nọ́ńbà, èèyàn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

3. Ṣé ẹ máa ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú kí ẹ tó gbé e ṣánlẹ̀? Ní judo, ukemi ni wọ́n ń pè é: ọmọ á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbálẹ̀, á sì fi apá lu máàtì. Níbi tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán, kò yẹ kí wọ́n gbé ọmọ kankan ṣánlẹ̀.

4. Tí ọmọ bá forí gbá ńkọ́? Ìdáhùn tó tọ́ ni pé eré parí fún un lọ́jọ́ náà, kò sì ní padà wá àfi tí dókítà bá yọ̀ǹda.

5. Ṣé mo lè jókòó wò yín bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn?

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó bá fìbínú dáhùn, tàbí tó ní kí òbí dúró síta, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ sílé.