Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Mo Kà Sí Oríyìn

Akọ̀wé yín ló tún dé. Lóṣù yìí, mi ò sọ̀rọ̀ owó àjọ, mi ò sì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ná wa lówó, èmi gan-an ni mo sì fà á.

Ẹ ò tíì gbàgbé lẹ́tà tó wá láti ọ́fíìsì kan lọ́dún tó kọjá, nípa àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì. Èmi ni mo kà á níwájú ìpàdé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kì í fi pamọ́. Mo ń kà á lọ, mo ń túmọ̀ ẹ̀ lọ, àfi ìgbà tí mo kan ọ̀rọ̀ kan: egregious. Mi ò rí i rí láyé mi. Mo wo ìrísí ẹ̀, mo rí i pé ó fẹ́ jọ gracious, èyí tí à ń gbọ́ nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún jẹ́ orúkọ ọmọ ìyá ẹlẹ́pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Mo bá ní, "Wọ́n ní inúure ni wọ́n fi ń bá wa sọ ọ́." Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyálọ́jà ní kí n fi lẹ́tà náà sínú fáìlì, pé a ó dá wọn lóhùn tí ọjà bá ti rọlẹ̀.

Ọjà kò rọlẹ̀. Ọjọ́ 14 tí wọ́n fún wa láti fèsì kọjá lórí wa. Ni wọ́n bá wá ti ìsọ̀ méje pa, ti aláta àti ti ẹlẹ́ja, ẹja tútù sì wà nínú méjì nínú wọn. Kí a tó sanwó ìtanràn tán, ẹja ti di ohun tí ajá ń sá fún.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ló gba lẹ́tà náà kà nílé. Ó kà á débẹ̀, ó wò mí lójú. "Màámi, ṣé báyìí lẹ ṣe kà á fáwọn ìyá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò yìn yín o. Wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ ṣe burú kọjá ààlà ni." N kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á, tí mo ní kó máa kọ́ mi títí ó fi yé mi.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyí: i-GRÍ-jọ̀ọ̀sì. Àárín ni kí ẹ ti gbóhùn sókè. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nǹkan burú débi tí ẹnikẹ́ni kò fi lè gbójú fò ó. Àwa náà ní ìpele tiwa. A máa ń ní "kò dáa", a máa ń ní "ó burú jáì", tó bá wá kọjá bẹ́ẹ̀, a ó ké "èèmọ̀ rèé!" Ibi tí a ti ń ké èèmọ̀ yẹn ni kí ẹ wá egregious sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti wá, torí ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi. Èdè Látìn ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Grex ni wọ́n ń pe agbo ẹran, bí agbo àgùntàn. E tó wà níwájú ẹ̀ ni "jáde kúrò nínú". Ẹni tó bá jẹ́ egregius lọ́dọ̀ tiwọn, ó ti yọ kúrò nínú agbo nìyẹn, ojú ń rí i láàárín ọ̀pọ̀. Ẹ ò rí i pé oríyìn ni! Ẹ lọ sí ọjà ẹran tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ẹ wo àgbò kan tó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, tí ìwo ẹ̀ ká bí òrùka, tí gbogbo èèyàn ń bèèrè iye ẹ̀. Ohun tí àwọn ará Róòmù ń pè bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Agbo yìí kan náà ló wà nínú congregation tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn tó kó ara wọn jọ sínú agbo kan. Òun ló wà nínú aggregate tí àwọn ọmọ wa máa ń ṣírò tí èsì ìdánwò bá jáde, torí wọ́n kó máàkì jọ sójú kan. Òun náà ló wà nínú segregation, yíya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò nínú agbo, èyí tí wọ́n fi ń lé àwọn èèyàn dúdú kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà títí òfin ọdún 1964 fi kà á léèwọ̀.

Nígbà tí egregious kọ́kọ́ wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1500 sí 1600, ẹni iyì ni wọ́n ń fi pè. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ń fi pe ohun burúkú pẹ̀lú. Ẹ̀gàn tí wọ́n wọ̀ láṣọ ìyìn ló dà bí ẹni pé ó yí i padà. Àbí báwo la ti ń sọ̀rọ̀ nínú ọjà yìí? Ọmọ da gálọ́ọ̀nù epo pupa kan sílẹ̀, ìyá ẹ̀ á ní, "O káre! O kú iṣẹ́!" Ṣé ó ń yìn ín ni? Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí, ìyìn inú ẹ̀ kú, ẹ̀gàn nìkan ló kù. Àwọn ará Ítálì kò bá wọn yí i o. Títí di òní, Egregio ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ọkùnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọkùnrin níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i níwájú orúkọ ẹ̀, ẹ má gbé ọwọ́ lérí o.

Ọ̀rọ̀ tiwa kan wà tó fẹ́ bá a dọ́gba: ògbójú. Tí a bá ní ògbójú ọdẹ, ìyìn ni, bí Fágúnwà ti fi sórí ìwé ẹ̀ tó jáde ní 1938. Tí a bá ní ògbójú olè, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ògbójú ṣì ní ojú méjèèjì, egregious lóde òní ojú kan ló kù sí i.

Ẹ má wá tìtorí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ máa fi wọ́n gbogbo ọbẹ̀. Ẹni tó fi tòmátì tó ti rà sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n agbo ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn pọ̀, kò yọ láàárín wọn. Ẹni tó fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú, tó ń fi wọn ìrẹsì fún opó, òun ti ń rìn lọ sí etí agbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da òògùn Sniper sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, tó mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíì ló máa jẹ ẹ́, tó tún ń ṣe é lẹ́yìn tí NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré òògùn yẹn lójú ọjà ní 2019, ẹni yẹn ti jáde pátápátá. Òun ni kí ẹ pè bẹ́ẹ̀. Ìyá aláṣọ kan ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo kọ̀. Kí la ó wá kọ sí ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù?

Tí ó bá jẹ́ àwa ni wọ́n kọ ọ́ sí ńkọ́? Ọmọ mi ní kí n má wo ọ̀rọ̀ ńlá yẹn nìkan, kí n wo èyí tó tẹ̀lé e. Nínú lẹ́tà tiwa, breach ló tẹ̀lé e, ìyẹn rírú òfin. Òfin wo? Ọjọ́ wo? Ìsọ̀ wo? Lẹ́tà náà kò sọ ọ̀kankan. Ariwo ni wọ́n fi dípò ẹ̀rí. Nígbà tí a wá fèsì, bó tilẹ̀ ti pẹ́, ohun tí a bèèrè nìyẹn. A tún fi kún un pé kò sí ọjà tí kò ní àtẹ lẹ́bàá títì ní gbogbo àdúgbò yìí, kí wọ́n sọ ohun tó mú tiwa yọ kúrò nínú agbo. Ìyálọ́jà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á fún un.

Wọ́n ní kí a wá. Nígbà tí a débẹ̀, ìsọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n lè tọ́ka sí pé ó ti bọ́ sójú títì. Mẹ́rin yòókù wà nínú ilà wa. Owó ìtanràn àwọn mẹ́rin yẹn ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí a lọ, kí a bọ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà kejì sílẹ̀ lórí owó náà. Egregious wà ní ìlà kẹta, ṣùgbọ́n ọjọ́, nọ́ńbà ìsọ̀ àti iye owó wà ní ìlà kìíní àti ìkejì. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka, ẹ wá sí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé kí n kà á fún yín. Ọmọ mi yóò wà níbẹ̀, kó lè gbọ́ bí mo ṣe ń túmọ̀ ẹ̀.