ÀWỌN ỌMỌ ABÚLÉ WA TÍ WỌ́N LỌ OGUN BỌ́MÀ

Ọ̀rọ̀ èsúsú àti owó yíyá ni a sábà máa ń sọ nínú ìwé yìí. Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ gbèsè kan tí kò sí nínú ìwé akápò: gbèsè tí a jẹ àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n lọ jagun Hitler.

Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wa. Kí ó tó parí ní 1945, bí 100,000 ọmọ Nàìjíríà ló ti wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Àwọn kan fúnra wọn ló lọ nítorí owó oṣù àti ojú ayé tí wọ́n fẹ́ rí. Ní ibòmíràn, àwọn olóyè ló fa ọmọ kalẹ̀ fún ìjọba.

Ní 1943 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì sílẹ̀, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ́n wọ Bọ́mà lọ bá àwọn ará Jàpáànì jà. Ní àfonífojì odò Kaladan, igbó àti òkè ni gbogbo rẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ìbọn ńlá, ọta àti oúnjẹ, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo àmì ẹgbẹ́ kejì yẹn: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn àti òṣùká. Irú òṣùká tí àwọn ìyá wa fi ń ru gàrí lọ sọ́jà náà ni o! Kì í ṣe ọta ìbọn nìkan ló pa wọ́n. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa nínú wọn.

Ẹ gbọ́ ti ọ̀kan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942, ọmọ ọdún 16 péré ni. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànì yọ sí wọn létí odò Kaladan. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀ àti ní ikùn. Àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kú níkọ̀ọ̀kan, ó wá ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, tó sì tún gbà wọ́n sílé. Bí wọ́n bá rí i ni, pípa ni wọn ì bá pa á. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi pa wọ́n mọ́, títí ìdáǹdè fi dé ní ìparí ọdún náà. Isaac tiro títí ayé rẹ̀. Ó kọ ìwé lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman, nítorí pé bàbá wọn ti kú. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọdún 2012 ni Isaac náà kú.

Ogun náà kò yọ ilé sílẹ̀. Nígbà tí Jàpáànì gba Málàyà ní 1942, ìjọba ní kí a pa èkùrọ́, kí a kọ rọ́bà sí i. Ìjọba ló ń dá iye owó irè oko, iyọ̀ wá wọ́n bí ojú. Ní Èkó, Captain Pullen fi òfin de owó oúnjẹ. Alimotu Pelewura àti àwọn ọlọ́jà obìnrin kọ̀ jálẹ̀, ètò náà sì tú ká ní 1945.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ọmọ wa tí kò padà ńkọ́? Ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, wọ́n kọ orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ sàréè wọn sára òpó òkúta. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Nílé ńkọ́? Àwọn tó mọ̀ wọ́n lójú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ìyá àgbà kan bá kú lónìí, ó lè jẹ́ orúkọ ṣọ́jà mẹ́ta ló bá a lọ.

Nítorí náà, mo ti fi ìwé kan sí ọ́fíìsì. Kí olúkúlùkù bi àgbà ilé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni tó lọ, agbo ilé rẹ̀, àti bóyá ó padà. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ tún wo káàdì yín. Ṣọ́jà tó ń lọ ojú ogun máa ń fi orúkọ ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ nílé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò lọ ibì kankan kò tíì kọ ti ẹni tí yóò gba owó ìdókòwò wa bí ọlọ́jọ́ bá dé. Ẹ má jẹ́ kí ó di àríyànjiyàn fún àwọn ọmọ. Mo ń retí yín kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.