Ojú Ló Ni Òdòdó, Ẹnu Ló Ni Ewé: Ìlò Ewéko fún Ọ̀ṣọ́ Ọdún àti Ayẹyẹ ní Ìlọràá àti Agbègbè Rẹ̀

1. Ìfáárà

Bí ènìyàn bá wọ gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ìlọràá lónìí, yálà ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tàbí ìnáwó òkú àgbà, òdòdó ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Òdòdó oníke ni wọ́n fi yí ẹnu ọ̀nà ká, òun náà ni wọ́n kó sínú ìkòkò dígí lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá gba Fìdítì wá láti Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ó ti pàdé ọkọ̀ kan lójú títì tí wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ tútù mọ́ níwájú. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òkú ni ọkọ̀ náà gbé. Ewé ti sọ ọ́. Òdòdó inú gbọ̀ngàn, ní tirẹ̀, kò sọ ju pé ibẹ̀ dára lọ.

Ìyàtọ̀ yìí ni àròkọ yìí dá lé. Èrò wa ni pé nínú àṣà Yorùbá, ewé tí a fi ṣe ibi ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ àrokò kí ó tó jẹ́ ọ̀ṣọ́, àti pé nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ohun tó ń sọ: irú ewé náà àti bí ó ti dàgbà tó, ibi tí a fi sí, àti ọjọ́ tí a lò ó. Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì lásìkò yìí, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ilé ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ ti ń padà sídìí ọ̀pẹ ní orúkọ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá lo ewé láìmọ èdè rẹ̀ lè fi í kọ ohun tí kò ní lọ́kàn sára ògiri.

2. Òdòdó àti ewé nínú èdè

Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀. 'Òdòdó' ní ìtumọ̀ méjì tó ti pẹ́. Ó jẹ́ ohun tó ń tanná lórí igi; ó sì tún jẹ́ orúkọ àwọ̀ pupa fòò àti aṣọ tó ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ kejì yìí ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mú lò nínú Àìsáyà 1:18, níbi tí òdòdó àti àlàárì ti dúró fún àwọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. 'Ìtànná', tí a tún ń lò fún òdòdó, wá láti ara 'tan iná'. Àwọ̀ ni ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ ni èkejì. Ohun tí ojú rí ni àwọn méjèèjì dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ ewé yàtọ̀. Pierre Verger, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìlò ewéko láwùjọ Yorùbá tó jáde lọ́dún 1995, Ewé: The Use of Plants in Yoruba Society, fi hàn pé okùn ìró kan máa ń so orúkọ ewé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú ọfọ̀ rẹ̀, àti mọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ 'rinrin' yóò rántí ọ̀rinrin àti ìtutù. Iṣẹ́ ìtutù náà sì ni a ń fi rinrin ṣe pẹ̀lú òdúndún àti tẹ̀tẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe lè sọ pé ojú ló ni òdòdó, ẹnu ló sì ni ewé. Àwọn òdòdó tó ti òkè òkun wọlé kò ní orúkọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà yìí lẹ́nu Yorùbá. Kò yani lẹ́nu pé ẹwà nìkan ni wọ́n fi wọ inú ayẹyẹ wa.

Àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn kedere ni akòko (Newbouldia laevis). Igi yìí ń tanná dáadáa: òdòdó rẹ̀ tóbi, ó rí bí fèrè, àwọ̀ rẹ̀ sì wà láàrin funfun àti àlùkò. Bí ó bá jẹ́ ẹwà ni a ń wá, òdòdó yẹn ni à bá máa fi sí orí ọba àti ìjòyè. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ la máa ń já. Bí wọ́n bá sọ pé wọ́n ti já ewé oyè lé ẹnì kan lórí, ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni pé oyè náà ti jọ. Ewé kan ṣoṣo nínú fìlà ṣe ohun tí ọgọ́rùn-ún òdòdó kò lè ṣe.

3. Màrìwò àti imọ̀: igi kan, ọ̀rọ̀ méjì

Ìlọràá wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ọ̀pẹ (Elaeis guineensis) wọ́pọ̀ níbẹ̀, òun ló sì ń pèsè ewé ayẹyẹ jù lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò ní orúkọ kan fún ewé rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láàrin orí ọ̀pẹ, tí kò tíì là, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ni màrìwò. Èyí tó ti là, tó ti gbó, tó sì tutù yọ̀yọ̀, ni imọ̀. Ìyàtọ̀ ọjọ́ orí yìí jẹ́ ìyàtọ̀ iṣẹ́.

Màrìwò ni wọ́n máa ń fà ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á sì ta á sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ àti igbó orò. Nínú oríkì Ògún, màrìwò ni aṣọ òrìṣà náà. Níbi tí a bá ta á sí, ààlà ni ó pa: ẹni tí kò bá jẹ́ awo gbọ́dọ̀ dúró. Ó tún máa ń jẹyọ nínú ààlè tí àwọn àgbẹ̀ ń fi sára oko àti igi eléso kí olè má bàa fọwọ́ kàn án. David Doris kọ odindi ìwé lórí ààlè lọ́dún 2011, Vigilant Things. Ohun kan tí òǹkàwé lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé ohun lásán, bí àkísà tàbí ewé gbígbẹ, lè di ìkìlọ̀ nítorí ibi tí a so ó sí.

Imọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ewé gbogbo ayé. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ àtíbàbà. Kí kánópì tí à ń háyà tó dé, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìnáwó ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbo ilé máa ń lọ gé ọparun àti imọ̀ wá. Wọn á ri ọparun mọ́lẹ̀, wọn á to imọ̀ lé e lórí, wọn á sì tẹ ewé rẹ̀ kọ́rọ́ sí ẹnu àbáwọlé. Àtíbàbà ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ṣíji bo àlejò, ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ìnáwó wà nínú agbo ilé náà, ó sì ń fi hàn pé agbo ilé náà lọ́mọkùnrin tó lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ibi tí a fi imọ̀ sí ló wá ń yí ohùn rẹ̀ padà. Lórí àtíbàbà, ó ń pe ènìyàn wọlé. Níwájú ọkọ̀ òkú, ó ń ní kí wọ́n yà fún òun. Lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀hónú hàn, ewé tútù ń sọ pé àwọn kò bá ogun wá. Ọ̀pẹ kan náà ni, àmọ́ ibi àti ọjọ́ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn.

4. Ọdún àti ewé ìgbà

Àwọn ọdún tí a ń fi ewéko ṣe pọ̀ ní agbègbè yìí, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìrìn òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí, ọdún Bẹẹrẹ jẹ́ ọdún koríko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni koríko bẹẹrẹ máa ń gbó, òun ni wọ́n máa ń kó wá sí ààfin Aláàfin láyé àtijọ́ láti fi ṣe òrùlé. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Ọ̀ṣọ́ ààfin àti ìsìnrú ìlú jẹ́ ọ̀kan náà nínú ọdún yìí: ẹni tó bá ru koríko wá ti fi ẹnu ewéko sọ ẹni tó jẹ́ ọba òun.

Ẹ̀sìn Kristi kò pa èdè yìí run nígbà tó dé. Nínú Jòhánù 12:13, ọ̀pẹ déètì ilẹ̀ Palẹ́sìtínì ni àwọn èrò mú lọ́wọ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kọ imọ̀ ọ̀pẹ, wọn kò kọ màrìwò. Yálà wọ́n rò ó jinlẹ̀ tàbí etí wọn ló darí wọn, ohun tí wọ́n yàn bá òfin èdè ewé mu: ìgbọ̀wọ́wọ̀lé ni ọjọ́ náà, imọ̀ ló sì yẹ ẹ́. Títí dòní, imọ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ ń jù fìrìfìrì ní Ọjọ́ Ọ̀pẹ. Ní ìjọ Kátólíìkì àti ti Áńgílíkà, a máa ń sun èyí tó ti gbẹ láti fi ṣe eérú Ọjọ́rú tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ǹtì ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ewé náà ṣe ń gbẹ jẹ́ apá kan nínú ohun tó ń sọ.

Nígbà Ìkórè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tòun ti ìdì rẹ̀, ìrèké, àgbàdo àti iṣu ni àwọn ìjọ ń fi ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́, ọsàn tí a mọ Fìdítì mọ́ náà kì í gbẹ́yìn. Ọrẹ ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di ọ̀ṣọ́. Kérésìmesì tún wá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ń gbé igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ wọlé nígbà òtútù, nítorí pé àwọn igi yòókù ti wọ́wé. Ní Ìlọràá, ọyẹ́ ni Kérésìmesì ń bá pàdé: koríko ti gbẹ, eruku bo ojú ọ̀nà, ọ̀pẹ ṣì tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá fi imọ̀ ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ lóṣù Kejìlá ti ṣe ohun kan náà tí ará Yúróòpù ṣe, láti inú ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó fi òwú funfun sára igi oníke láti fi ṣe yìnyín ló ya àwòrán ìgbà tí kò rí rí.

5. Òdòdó oníke àti ìpadàbọ̀ ọ̀pẹ

Òdòdó oníke ní àǹfààní tirẹ̀. Kì í rọ, a lè háyà rẹ̀ léraléra, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Kò tún yẹ kí a sọ pé òdòdó kò lè sọ̀rọ̀ láé láàrin wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní lọ́dọọdún, tí Nàìjíríà ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú, òdòdó róbótó ni àwọn aláṣẹ ń gbé kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìṣòro òdòdó oníke wà níbòmíràn: kì í kú. Àtíbàbà tó gbẹ ń sọ fún agbo ilé pé ìnáwó ti kọjá, kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Òdòdó oníke kò mọ ìgbà tí ọdún parí. Bí ó bá sì gbó, kò ní di ilẹ̀dú bí imọ̀. Inú gọ́tà ni yóò wà.

Ìṣòro kejì ló kan àwa onímọ̀ jù. Níbi ìdáná òde òní, aṣọ òkè, ẹní, igbá fínfín àti ewé ọ̀pẹ ni wọ́n ń tò sẹ́yìn àga ìyàwó. Ó dára, ó sì wu ojú. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ náà fa màrìwò ya, ó sì ta á sí òkè ẹnu ọ̀nà nítorí pé ó rí i nínú àwòrán. Bí àgbàlagbà kan tó jẹ́ awo bá dé ibẹ̀, yóò dúró, yóò sì béèrè ohun tó wà nínú ilé. Ọmọ ogún ọdún yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì rí ewé kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ló kà á. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, màrìwò ojúbọ pàápàá kò ní lè dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́, nítorí pé ọmọ náà ti kọ́ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àdánù náà yóò kọjá gbọ̀ngàn. Yóò dé oko tí ààlè ń ṣọ́.

Àbá wa kò le. Kí àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ lo imọ̀ fún àbáwọlé àti òrùlé, kí wọ́n hun ún bí ó ti wù wọ́n. Kí wọ́n fi màrìwò sílẹ̀ fún ibi tó ti ń pààlà, kí wọ́n sì fi akòko sílẹ̀ fún ọjọ́ oyè. Tí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀ pupa tàbí àlùkò fún Kérésìmesì, bougainvillea ń tanná nínú ẹ̀ẹ̀rùn lára ọgbà àwọn ènìyàn; igi flamboyant náà ń pọ́n nígbà tí òjò bá ń wọlé. Lóòótọ́, àlejò ni àwọn méjèèjì, láti Amẹ́ríkà Gúúsù àti Madagásíkà, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ìgbà ilẹ̀ yìí.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀ṣọ́ ewé ní òfin, àti pé irú ewé, ibi àti ọjọ́ ni òfin náà dúró lé. Iṣẹ́ ṣì wà níwájú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè wa sábà máa ń sọ irú igi tí ewé kan jẹ́, ó sì lè sọ àrùn tó ń wò. Ìwọ̀nba ló ń sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ so ó sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà ní Ìlọràá, ní Awẹ́ àti ní Fìdítì, nídìí àtíbàbà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lọ, kí ó mú imọ̀ kan àti màrìwò kan lọ́wọ́, kí ó sì bi wọ́n léèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé.