Látìn, Bíbélì àti owó ilé-ìwé: Ìdí tí àwọn òbí kan l'Amẹ́ríkà fi ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀fẹ́

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-ìwé ìjọba kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè ló sì ń wá gbé ọ̀pọ̀ ọmọ nítòsí ilé. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀fẹ́ yìí, tí wọ́n ń yọ owó lápò ara wọn kí ọmọ wọn lè lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọdún 8 ní èdè Látìn, èdè tí kò sí ọjà kankan láyé tí wọ́n ti ń fi í ná nǹkan. Lójú ẹni tó mọ ìṣirò, ọ̀rọ̀ náà kò bára mu. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a tú u wò lójú ewé ọ̀rọ̀ ajé, nítorí pé níbi tí èèyàn bá ti ń ná owó tí kò pọn dandan kó ná, ó ní ohun tó ń rà.

Ohun tí wọ́n ń rà ni wọ́n ń pè ní Classical Christian Education. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀kọ́ àtijọ́ ti Kristẹni. Kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo ló ni ín. Dorothy Sayers, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ló sọ̀rọ̀ ní Oxford lọ́dún 1947 pé ilé-ìwé òde òní ń kọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dá kọ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni ní Yúróòpù láyé àtijọ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Lọ́dún 1981, àwọn òbí kan ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Moscow, ní ìpínlẹ̀ Idaho, dá ilé-ìwé Logos sílẹ̀ lórí ìlànà yìí. Pásítọ̀ Douglas Wilson, tó wà lára wọn, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1991. Nígbà tó di 1994, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ACCS. Lónìí, àwọn ilé-ìwé tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí nìkan ti lé ní 400, àwọn mìíràn sì wà tí kò bá wọn dara pọ̀.

Ìlànà náà kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí. Ọmọ kékeré fẹ́ràn kó máa kọrin, kó sì máa há nǹkan sórí. Nítorí náà, ìgbà yẹn ni wọ́n ń fi orin kó ìṣirò, ọdún tí ìjọba dé àti ọdún tí ìjọba wó, ẹsẹ Bíbélì àti ọ̀rọ̀ Látìn sí i lórí. Ìpele gírámà nìyẹn. Tó bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àgbà jiyàn, wọn kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń jiyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti jó, kó sì mọ̀ nígbà tí tirẹ̀ náà bá jó. Èyí ni ìpele lójíìkì. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde, ó di dandan kó mọ ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà, ọmọ kì í gba ìwé-ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó kọ àròkọ gígùn kan, kó dúró níwájú àwọn olùkọ́, kí wọ́n da ìbéèrè bò ó, kó sì dáhùn. Homer àti Virgil wà lára àwọn tí wọ́n ń kà, Augustine náà wà níbẹ̀, ọmọ Áfíríkà Àríwá tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé-kéwú láàárọ̀, tàbí tó mọ bí ọmọ babaláwo ṣe ń há ẹsẹ Ifá sórí kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò ní pe èyí ní nǹkan tuntun.

Nígbà náà, kí ló ń gbé àwọn òbí lọ síbẹ̀? Ìgbàgbọ́ ni àkọ́kọ́. Lọ́dún 1962 àti 1963, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ pé ilé-ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ darí àdúrà, kò sì gbọ́dọ̀ ka Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ìsìn fún àwọn ọmọ. Òbí tó bá gbà pé Ọlọ́run ló ni ìṣirò àti ìtàn, bó ṣe ni orin ìjọ, kò ní gbà pé wákàtí kan lọ́jọ́ Ìsinmi lè tún ohun tí wákàtí 35 láàárín ọ̀sẹ̀ ti ṣe ṣe. Ohun kejì dé ní 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa, tí àwọn ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá ìdáná, ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá rí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan rí i pé kò tó, inú àwọn mìíràn kò dùn sí ohun tí wọ́n gbọ́. Ilé-ìwé ìsìn tó tètè ṣílẹ̀kùn padà sì jèrè wọn. Ọ̀rọ̀ fóònù náà wà níbẹ̀: àwọn ilé-ìwé yìí kì í sábà gba fóònù láyè nínú kíláàsì, ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ṣí ni wọ́n ń kà. A ò gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò gbé ojú kúrò lójú fóònù láti ọdún tó kọjá yóò sanwó fún ibikíbi tí wọ́n bá ti lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Owó-orí tí àwọn onílé ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé ìjọba l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá kó ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kì í gba owó-orí náà padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sanwó: ó san ti ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ kò lọ, ó tún san ti èyí tó ń lọ. Iye tí àwọn ilé-ìwé náà ń gbà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní ìlú kékeré, a lè rí èyí tí ń gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là lọ́dún, ní ìlú ńlá ó lè kọjá 15,000 dọ́là. Ẹ wá fi ọmọ mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé àwọn ìdílé onígbàgbọ́ yìí kì í sábà bí ọmọ kan ṣoṣo. Ilé-ìwé máa ń dín owó ọmọ kejì àti ìkẹta kù, àmọ́ ìdínkù náà kì í sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń rí owó yìí san yẹ ní wíwò. Nínú ìdílé mìíràn, owó oṣù ẹnì kan nínú tọkọtaya ló ń lọ síbẹ̀ tán pátápátá. Àwọn ìyá kan ń gba iṣẹ́ olùkọ́ nílé-ìwé náà nítorí pé wọ́n máa ń dín owó kù fún ọmọ olùkọ́. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà máa ń dá sí i. Àwọn kan kò sì gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé rárá: lọ́dún 1997, obìnrin kan tó ń jẹ́ Leigh Bortins bẹ̀rẹ̀ Classical Conversations ní ìpínlẹ̀ North Carolina, níbi tí àwọn òbí ti ń kọ́ ọmọ wọn nílé, tí wọ́n sì ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ó ti di okòwò ńlá. Àwọn ilé-ìwé mìíràn ń ṣe ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nílé-ìwé, kí ìyókù jẹ́ nílé pẹ̀lú òbí, kí owó lè dín. Ní ti àwọn olùkọ́, àwọn náà ń san nínú owó yìí lọ́nà tiwọn, nítorí pé lápapọ̀, owó oṣù olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni l'Amẹ́ríkà kò tó ti olùkọ́ ìjọba. Ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń mú àwọn mìíràn dúró, ṣùgbọ́n ìfẹ́ iṣẹ́ kì í san owó ilé.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń yí padà láti ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé òbí lọ́wọ́. Lọ́dún 2002, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ìjọba lè fún òbí ní owó ilé-ìwé kódà bí òbí náà bá gbé e lọ sí ilé-ìwé ìsìn. Arizona ṣí irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní 2022, ohun tó tó nǹkan bí 7,000 dọ́là lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Florida tẹ̀ lé e ní 2023. Texas fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2025, bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀, láti ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027. Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe òfin ní 2025 pé láti 2027, ẹni tó bá fi owó ta ẹgbẹ́ tó ń ran ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ lọ́rẹ lè yọ tó 1,700 dọ́là kúrò nínú owó-orí rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ tó bá gbà láti wọ ètò náà.

Àwọn alátakò sọ pé owó ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n ń fà ya, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbà á ti wà nílé-ìwé aládàáni tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dà nù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé-ìwé náà kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan lórí rẹ̀. Àwọn kan ń yọ̀, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń sanwó fún onílù ni yóò dárúkọ orin tó bá yá. Ẹ̀rù mìíràn tún wà, tí ọlọ́jà èyíkéyìí mọ̀: bí àwọn oníbàárà bá ní 7,000 dọ́là sí i lọ́wọ́, kò pẹ́ tí ọjà fi ń gbówó lórí.

Ẹ̀rí wo ló wà pé owó náà ń so èso? Àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí máa ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò. ACCS pàápàá ti gbé ìwádìí jáde lórí ìgbésí ayé àwọn tó ti jáde, ó sì dára lójú wọn. Àmọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ ń kàwé, tó ń sanwó, tó sì ń jókòó tì í lálẹ́, ì bá ṣe dáadáa níbòmíràn náà. A kò lè fi gbogbo ìyìn fún Látìn. Ohun tó ṣe é fojú rí ni pé ọjà náà ti tóbi débi tó fi ní ìdánwò tirẹ̀: Classic Learning Test, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015. Florida gbà á ní 2023 fún ìwọlé sí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà.

Ibì kan wà tí a ti lè mọ ohun tí òbí ń rà gan-an. Ní Arizona, Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn ilé-ìwé kan wà tí owó ìjọba ń gbọ́ bùkátà wọn, bí àwọn ti Great Hearts, tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ àtijọ́, Látìn àti Homer, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí Bíbélì gẹ́gẹ́ bí ìsìn. Ẹni tó fẹ́ Látìn nìkan kò ní ìdí láti sanwó níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ sí ilé-ìwé olówó, ìsìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò bá dàgbà ló ń sanwó fún.

Àwa náà kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó pẹ̀lú ọmọkùnrin 6, nínú ilé kan ní Broad Street tí wọ́n ń pè ní Ilé Òwú. Thomas Babington Macaulay, àna Ajayi Crowther, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ẹni tó fún un ní 50 pọ́ùn láti fi ra ìwé àti ohun èlò ni James Davies, ọ̀gákọ̀ ojú omi tó di oníṣòwò ńlá. Látìn àti Gíríìkì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Ìgbàgbọ́ mú àwọn òbí ìgbà náà lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ òkòwò àti ọ́fíìsì ìjọba ń wá akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò tíì yà kúrò lára ara wọn láti ìgbà náà. Ìjọba gba ilé-ìwé àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà ní 2001. Ẹni tó bá ń sanwó ilé-ìwé ìjọ l'Ékòó lónìí mọ̀ pé wọ́n kò dá ọ̀fẹ́ padà pẹ̀lú wọn.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston tàbí Dallas, ohun kan ṣì kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Lọ́dún 1996, Wilson yìí kan náà bá ẹnì kan kọ ìwé pélébé kan tó gbèjà bí ìgbésí ayé ẹrú ṣe rí ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ìtàn sì bẹnu àtẹ́ lù ú gidigidi. Òbí aláwọ̀ dúdú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìtàn tí wọ́n ń lò nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kì í ṣe tiwa: W.E.B. Du Bois kọ́ni ní Látìn àti Gíríìkì ní Wilberforce láàárín 1894 sí 1896, Angel Adams Parham àti Anika Prather sì gbé ìwé jáde ní 2022 lórí bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ka àwọn ìwé àtijọ́ yìí fún òmìnira ara wọn. Ní ti owó Texas, nǹkan bí 10,000 dọ́là ni òfin náà fi sílẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé aládàáni, tí ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé kò ju 2,000 lọ. Ilé-ìwé náà gbọ́dọ̀ ti gba ìwé-ẹ̀rí àṣẹ, kó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé kékeré tó ń lo gbọ̀ngàn ìjọ ni kò tíì ní irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí òbí béèrè èyí kó tó san owó ìforúkọsílẹ̀, torí pé wọn kì í sábà dá ìyẹn padà.