Ta ló jí orin ta? Swídìn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àwo orin tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ

Ẹ ki earphone yín bọ etí dáadáa, torí Swídìn là ń lọ lónìí, a ó sì gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n máa ń fi kan àwọn ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Swídìn tó jáde lẹ́yìn ọdún 1970: pé ayédèrú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n gbọ́ Fairport Convention, tí wọ́n gbọ́ Steeleye Span, tí wọ́n wá fi èdè tiwọn kọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀sùn yìí wà lára ohun tó ń mú káwọn èèyàn fò wọ́n kọjá. Òótọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ òótọ́ náà ò dé ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó jẹ́ òótọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ọkọ̀ Fairport Convention ní jàǹbá lójú ọ̀nà M1. Onílù wọn, Martin Lamble, ọmọ ọdún 19 péré, kú. Àwọn tó kù ò fẹ́ kọ àwọn orin tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ashley Hutchings bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tú ìwé ní Cecil Sharp House ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n kó orin àtijọ́ jọ sí. Dave Swarbrick mú fáólìnì rẹ̀ wá, Sandy Denny ń kọrin. Kí ọdún náà tó parí, Liege & Lief jáde: orin ayé àtijọ́, pẹ̀lú gìtá oníná àti ìlù. Hutchings kúrò, ó lọ dá Steeleye Span sílẹ̀, níbi tí Maddy Prior ti ń kọrin. Nínú àwo wọn kejì, Please to See the King (1971), kò tiẹ̀ sí onílù rárá.

Ẹgbẹ́ tó mú ọ̀nà yẹn lò jù ní Swídìn ni Folk och Rackare, ìyẹn bí ẹní ń sọ pé “àwọn èèyàn àti àwọn ìpáta”. (Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi gan-an.) Carin Kjellman àti Ulf Gradén ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ Nọ́wè méjì, Jørn Jensen àti Trond Villa, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ gbọ́ Rackarspel (1978) tàbí Anno 1979, kíá lẹ máa rí ọwọ́ Steeleye níbẹ̀: ohùn obìnrin tó mọ́ gaara ló wà níwájú, kò gbọ̀n, kò ṣe fáàrí, fáólìnì sì ń tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kọ? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Ìtàn gígùn ni, tí wọ́n fi ń ṣe orin láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹ mú ọ̀kan: ẹ̀gbọ́n jowú àbúrò rẹ̀ nítorí ọkùnrin, ó tì í sómi. Olórin kan rí òkú náà, ó fi egungun rẹ̀ ṣe háàpù, ó fi irun rẹ̀ ṣe okùn. Nígbà tí wọ́n ta háàpù náà, òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí. Wọ́n ń kọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, wọ́n ń kọ ọ́ ní Swídìn, ní Nọ́wè, ní Denmark. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Francis James Child, kó 305 irú orin bẹ́ẹ̀ jọ láàárín ọdún 1882 sí 1898. Èyí tí mo sọ yìí ni nọ́ńbà 10. Ta ni Child wò kó tó mọ bó ṣe máa tò wọ́n? Svend Grundtvig, ará Denmark! Nítorí náà, ẹni tó lọ kọ́ iyán gígún lọ́dọ̀ aládùúgbò, odó ìyá àgbà rẹ̀ ló fi ń gún un.

Kebnekajse ńkọ́? Wọ́n máa ń kà wọ́n mọ́ àwọn yìí, èmi ò gbà. Orúkọ òkè tó ga jù ní Swídìn ni wọ́n ń jẹ́. Nínú Kebnekajse II (1973), orin ijó ìbílẹ̀ ni wọ́n fi gìtá oníná ta, gìtá sì ń dún bí fáólìnì àwọn àgbà. Orin irú èyí pọ̀ ní Swídìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1922 sí 1940, wọ́n tẹ ìdìpọ̀ ìwé 24 jáde tó kún fún wọn, Svenska låtar lorúkọ rẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ yá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Bí Kebnekajse bá tiẹ̀ yá nǹkan, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni: ọmọ Áfíríkà kan, Hassan Bah, ń lùlù fún wọn, wọ́n sì sọ àwo ọdún 1976 ní Ljus från Afrika, “Ìmọ́lẹ̀ láti Áfíríkà”.

Bí orin yìí bá ṣàjèjì sí yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1974. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Guds spelemän (1996) ti Garmarna, torí ìró kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, etí yín á tètè gbà á. Ẹ wá “Herr Mannelig”: abàmì obìnrin orí òkè ló ń bẹ ọkùnrin kan pé kó fẹ́ òun, ó kó ẹ̀bùn sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀ torí kì í ṣe Kristẹni. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ padà sẹ́yìn lọ bá Carin Kjellman.