Ìdí Tí Adìẹ Ilé Fi Ń Yé Ẹyin Ju Ẹyẹ Igbó Lọ

Bí ènìyàn bá kọjá ní ọjà Agége ní òwúrọ̀, yóò rí páálí ẹyin tí a tò léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì tí ó sọ ìlú náà di olókìkí. Ẹyin 30 ni ó wà nínú páálí kan. Adìẹ kan ṣoṣo, irú èyí tí a ń pè ní adìẹ àgíríìkì, lè yé ẹyin tí yóò kún páálí 10 láàárín ọdún kan. Adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri ní ẹ̀yìnkùlé kì í sábà yé ju 60 lọ. Ní ti àparò, bí ó bá ti yé bíi 5 sí 7 sínú ìtẹ́, ó dáwọ́ dúró.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé oúnjẹ ni. Lóòótọ́, àparò ní láti wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, kí ó sì máa sá fún àṣá àti ejò. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ mú un wá sílé, tí a ń fi àgbàdo bọ́ ọ ní àbọ́yó, kì yóò yé 300.

Ọmọ ni ẹyẹ igbó ń wá, kì í ṣe ẹyin. Nígbà tí ẹyin bá tó èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ lè bò, èròjà kan a pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a sì mú kí ó ṣíwọ́ yíyé, kí ó máa sàba. Adìẹ ìbílẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ó ń sàba fún ọjọ́ 21, ó sì ń da òròmọdìẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó tún yé. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́. Ẹni tí ó bá ń kó ẹyin lójoojúmọ́, tí ó ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ìtẹ́, adìẹ rẹ̀ kì í tètè sàba.

Ohun tí àwọn olùsìn adìẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe ni pé wọ́n ń ṣa àwọn tí kì í sàba, wọ́n sì ń mú irú wọn bí sí i láti ìran dé ìran, títí sísàba fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára wọn. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ojúmọ́ bá gùn, ara ẹyẹ a mọ̀ pé àsìkò yíyé dé. Nítorí pé ọ̀sán tiwa kò ju bíi wákàtí 12 lọ, àwọn aládìẹ a máa tan iná kún un.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni gbogbo èyí. Kálísíọ̀mù ni a fi ń mọ èèpo ẹyin; bí ìkarahun tí a lọ̀ kò bá tó nínú oúnjẹ adìẹ, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti fà á, egungun náà a sì máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Aládìẹ tí ó bá sì ń fẹ́ òròmọdìẹ gbọ́dọ̀ rà wọ́n níbi tí ẹ̀rọ ti ń sàba, nítorí àgbébọ̀ tirẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Adìẹ ìbílẹ̀ tí a ń fi ojú kéré wò ni ọmọ mẹ́jọ ń tẹ̀ lé lẹ́yìn.