Bọ́ọ̀lù Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn: Kí Ni Iṣẹ́ Obìnrin Ilé?

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ ó jẹ́ mi lẹ́rìí pé lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, ọbẹ̀ a máa tutù lórí tábìlì. Ní Agbalata, ní Àgbádárìgì, bí ọjà bá ti ń tú, tí àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn alágbọn ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, àwọn ọkùnrin àti àwọn ọ̀dọ́ a máa rọ́ lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ẹni márùn-ún a jókòó sórí àga tó yẹ ẹni mẹ́ta. Fèrèsé kò tó nǹkan. Bí góòlù bá sì wọlé, ariwo a sọ, wọn a sì dì mọ́ ara wọn. Ayọ̀ yìí kò burú. Ṣùgbọ́n ọdún 2020 kọ́ wa pé àrùn lè bá ayọ̀ rìn wọlé, bẹ́ẹ̀ obìnrin ilé ni yóò sì tọ́jú ẹni tó bá dùbúlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ Atalanta ti ìlú Bergamo gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Valencia ti ilẹ̀ Spéènì ní ìlú Milan. Nǹkan bí 40,000 ará Bergamo ló lọ wò ó. Atalanta borí pẹ̀lú góòlù 4 sí 1, inú gbogbo wọn sì dùn. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn náà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà ti ń ràn ní agbègbè wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹta, ọkọ̀ ológun ló ń kó pósí kúrò ní Bergamo. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé ìpéjọ ọjọ́ náà wà lára ohun tó tan àrùn náà kálẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, ìdíje lígì Nàìjíríà dúró ní oṣù Kẹta yẹn kan náà, wọn kò sì parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, Super Eagles gbá 4 sí 4 pẹ̀lú Sierra Leone ní ìlú Benin, láìsí òǹwòran ní pápá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó: èrò tiwa kò sí ní pápá. Inú ilé ìwòran àti yàrá àlejò ni wọ́n wà. Ìjọba lè ti pápá pa. Ta ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò yín? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìtọ́jú ilé.

Bí ọkọ tàbí ọmọ bá ní ojo ni ẹni tó bá yàgò, ẹ rán an létí Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀. Nígbà tó ti Ṣáínà dé Manchester United ní oṣù Kejì ọdún 2020, ọ̀tọ̀ ni ó ti ń ṣe ìdánrawò, kò sì bá àwọn yòókù lọ sí Spéènì. Bí ẹni tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bá lè yàgò, ẹni tó ń wò ó náà lè yàgò.

Kòrónà a máa bá èémí àti itọ́ jáde, pàápàá bí a bá ń pariwo nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Nítorí náà, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé:

Ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná kò gbọdọ̀ jáde lọ wòran. Kí ó gbọ́ tirẹ̀ lórí rédíò.

Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sí àgbàlá.

Kí olúkúlùkù ní ife tirẹ̀. Kí ẹni tó ti òde dé fi ọṣẹ fọwọ́ kí ó tó gbé ọmọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí màmá àgbà jókòó sáàárín èrò.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ni ilé ìwòran àti obìnrin tó ń ta àkàrà níwájú rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ wọn ni. Ẹ jẹ́ kí a bá a sọ ọ́ kí ó tẹ́ àga síta gbangba, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù kò sí ni kí ẹ bá baálé sọ ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ ti di.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Àrùn náà ṣì wà, òmíràn sì lè dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bọ́ọ̀lù yóò tún wà lọ́la. Kí gbogbo ará ilé wà láàyè láti wò ó.